Òkè Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Mi

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé, "Tíṣà, báwo ni ilẹ̀ Okun ti rí?", ẹ fìdí kalẹ̀. Mo ti dé o. Ara mi le, orúnkún mi nìkan ló ṣì ń bá mi jà. N ó sọ ohun tí ojú mi rí fún yín, àyàfi ohun kan ṣoṣo. Tí a bá dé ibẹ̀, ẹ̀yin náà á mọ ìdí tí mo fi pa ẹnu mọ́, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi láti pa ẹnu mọ́.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń kọ ìwé kan nípa àwọn ibi ìsádi ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òkè, ihò àpáta àti igbó tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun. Mo ti rìn, mo ti gun, mo ti ṣubú. Ibi púpọ̀ tí mo dé, wọ́n ti fi irin ṣe àtẹ̀gùn sí i, wọ́n ti kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń mú wa kiri á sì máa ka ìtàn bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó dára, n kò ní kò dára, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn.

Olú, tí a jọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà n'Íbàdàn fún ọdún gbọọrọ, ló sọ fún mi nípa òkè kan ní ìlú wọn, nílẹ̀ Okun, ní agbègbè Kábà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá wọn mú un wá sí Ìbàdàn, kò sì padà sílé mọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó di ojú, ó sì júwe ọ̀nà inú àpáta náà fún mi láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí èèyàn á ti fi àyà fà wọlé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátá. Ó di orí keje ìwé mi, òun ló sì dùn jù níbẹ̀, kí n má purọ́. Mo kó iṣẹ́ náà fún Ràsákì tó ń bá mi tẹ̀wé, mo ní kó máa tò ó sílẹ̀, pé mo kàn fẹ́ lọ fi ojú ara mi rí òkè náà kí n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Mo ti kọ ibi tí ẹsẹ̀ mi kò tíì tẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kábà

Nígbà tí a kọjá Ọ̀mù-Àrán tí a doríkọ Ẹ̀gbẹ̀, àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Mo ní tiwa nílé, mo mọ òkè. Ṣùgbọ́n àwọn tibẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀! Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láàárín oko, dúdú, ó ń dán, orí rẹ̀ pá korodo, bí àgbà tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò fẹ́ dáhùn. A kọjá Ìsánlú, a kọjá Mópà, èmi kò lè sùn bí àwọn yòókù ti ń sùn. Nígbà tí a wọ Kábà, tí mo rí i bí òkè ṣe yí ìlú náà ká, mo ní, "Olúwa, ìwọ lo ṣe èyí?" Obìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun náà ni o. A kò ì tíì rí ẹlòmíì tó ní òun ló ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdè wọn. Èmi tí ẹ mọ̀ pé mo lẹ́nu yìí, mo di odi ní gáréèjì Kábà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mo pàdánù méjì. Awakọ̀ wa tún ń fi Hausa bá ẹni kan dúnàádúrà lápá kan, ó ń fi èdè wọn kí ìyá arúgbó kan lápá kejì, ó sì yíjú sí mi, ó fi Yorùbá tiwa ní, "Màmá, ẹ má ṣe ìyọnu, àwa gbọ́ tiyín." Wọ́n gbọ́ tiwa, àwa kò gbọ́ tiwọn. Ojú tì mí díẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ ni "okun", tí wọ́n fi ń kí ara wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ń jẹun, okun. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi tí kò ṣe nǹkan kan, okun náà ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù kí n kí ewúrẹ́.

Ẹ̀wà àlejò

Láti Kábà mo wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ìlú àwọn Olú. Ẹ má bi mí lórúkọ ìlú náà. Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n Olú lóbìnrin, ni mo dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà gbọnrangandan. Mo kúnlẹ̀, ó gbé mi dìde, ó wò mí lójú, ó ní, "Olú ń kọ́? Ṣé ó ṣì máa ń bẹ̀rù adìyẹ?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí Olú tí mo mọ̀, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń gbọ̀n tí ó bá wúkọ́.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú ni mo ti ń gbọ́ ìró odó níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹ mọ̀ mí pẹ̀lú iyán. Ikùn mi ti múra sílẹ̀. Àfi bí Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìyá, tí òun náà jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣe gbé àwo ẹ̀wà wá. Ẹ̀wà wo! Kóńkó wẹ́wẹ́, ó dúdú, kòkòrò ti lu òmíràn nínú rẹ̀ níhò, ó sì ń rùn bí eérú. Mo bù ú ṣíbí méjì. Ó le lẹ́nu bí ọta ìbọn.

Mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Ẹ ṣeun o, Màmá. Mo ti jẹun lójú ọ̀nà."

Wọ́n wo ara wọn. Bọ́sẹ̀ rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán. Òun ni àlejò máa ń kọ́kọ́ jẹ nílé wa."

Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ahun gbáà ni àwọn èèyàn yìí. Ẹ̀wà tí ìyá mi kò ní gbé fún ewúrẹ́! Mo jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àgúnmu. Bí mo ti jẹ èyí tó gbẹ̀yìn tán ni iyán dé, funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti fi iná yan dáadáa. Inú mi dùn, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Mo jẹun débi tí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ti jẹun lójú ọ̀nà.

Kí lo rù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bàtà ìgòkè mi, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo fi ìwé orí keje sínú báàgì. Ìyá Bọ́sẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kí lo rù?"

Mo fi kámẹ́rà hàn án.

"Ìyẹn kò ṣe é jẹ." Ó gbé akèǹgbè kan lé mi lórí, ẹ̀wà tuntun ló kún un, wọ́n ti pò ó mọ́ eérú, wọ́n sì ti fi ìda dí ẹnu rẹ̀. Òun náà ru tirẹ̀, Bọ́sẹ̀ ru omi. Ó ní kò sí ẹni tó ń lọ sí òkè náà lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí a ti rìn díẹ̀, mo rí ohun kan tí Olú júwe fún mi. Inú mi dùn, mo nawọ́ sí i, mo ní, "Màmá, ṣé ibẹ̀ la ó ti yà?" Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti gbá ọwọ́ mi sílẹ̀, pàì! Èmi, àgbàlagbà.

"A kì í nawọ́ sí i," ó ní. "A kì í sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ la fi ń sọ ọ́."

Bọ́sẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi bí a ti ń lọ. Tí ọmọ bá ti lè ru omi láti odò délé láìdà á nù, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mú un lọ sí òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú. Ní ìgbà kẹrin, ọmọ ló máa ṣáájú. Tó bá ṣìnà, àgbà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, àgbà á kàn jókòó sílẹ̀, á máa wò ó títí yóò fi rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ní òun sunkún lọ́jọ́ tòun, ìyá òun sì jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọ̀nà náà ni ohun tí mo ní n kò ní sọ fún yín. Ẹ má bi mí bóyá apá ọ̀tún ni tàbí apá òsì, bóyá a la omi kọjá tàbí a kò là á. Mo kàn lè sọ pé mo fi àyà fà, mo gbé akèǹgbè ṣáájú ara mi, mo sì ké pe gbogbo áńgẹ́lì tí mo mọ orúkọ wọn.

Inú àpáta

Mo dìde dúró, mo sì gbàgbé láti mí.

Ilé ni. Ilé tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé láti ibi kékeré kan tó là lókè. Èmi ti múra láti rí àfọ́kù ìkòkò àti egungun. Ìkòkò odidi ni mo rí, a fi ọmọrí dé wọn, omi tútù wà nínú wọn. Mo rí ẹní tí wọ́n ká jọ, mo rí sálúbàtà ọmọdé. Akèǹgbè tò lọ rẹrẹrẹ lẹ́bàá ògiri, agboolé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀ lára. Lórí òkúta pẹrẹsẹ kan, wọ́n to ìwé sí, wọ́n fi ọ̀rá wé e: ìwé ìtàn, ìwé kíkà Yorùbá, Bíbélì, àti ìwé kéú. Lára àpáta náà, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ a, b, d, e, ẹ.

"Ta ló kọ eléyìí?" Ohùn mi ti di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, n kò mọ ìgbà tó di bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ni Bọ́sẹ̀ wí.

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí a ń kórè iṣu tó kọjá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. Mo ti ń kọ̀wé nípa ogun àtijọ́, mo ń pe òkè yìí ní "ibi tí àwọn baba ńlá wọn sá sí". Bọ́sẹ̀ ní àwọn ajínigbé wọ oko lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bọ̀ wá sílé. Kí wọ́n tó dé, kò sí obìnrin, kò sí ọmọdé, kò sí arúgbó kankan nínú ìlú. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, inú àpáta yìí ni gbogbo wọn wà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rù tó bà wọ́n jù ni kí ọmọ má pariwo. Bọ́sẹ̀ kó àwọn ọmọ jọ, ó fún wọn ní ìwé, ó ń kọ́ wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ètè nìkan ni wọ́n fi ń kàwé.

"Ọmọ tó ń kàwé kì í ké," ó ní. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó ìwé wá síbí, tí mo bá ti rí."

Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé akèǹgbè tuntun sí àyè rẹ̀, ó gbé ti ọdún tó kọjá jáde. Èyí ni a máa gbé sọ̀ kalẹ̀, ó ní, a ó sè é jẹ nílé, kó má baà ṣòfò. Ìgbà náà ni ó tó yé mi.

"Màmá, ẹ̀wà tí ẹ fún mi lánàá..."

"Ẹ̀wà òkè ni. Ẹni tó bá sùn nílé wa, tí wàhálà bá dé, a kò ní fi í sílẹ̀. A máa ń jẹ́ kó tọ́ ọ wò, kó mọ̀ pé òun náà ní ìpín níbí."

Èmi tí mo pè wọ́n láhun! Mo jókòó sórí òkúta, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí keje

Kò sí bí mo ṣe lè fi í pamọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo ti kọ ọ̀nà ibí sílẹ̀. Olú ló júwe rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ fi sínú ìwé."

Bọ́sẹ̀ di orí mú. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Kà á fún mi."

Mo mú ìwé jáde. Mo kà á láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ibi tí a jókòó sí. Nígbà tí mo dé àárín, mo rí i tó fi etí aṣọ nu ojú.

"Olú rántí òkúta yẹn?" ó ní. "Ọmọ ọdún méje ni o! Èmi ni mo mú un wá. Ọwọ́ mi ló dì mú." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún nu ojú. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ìwé náà. "Ó tọ̀nà. Kò sí ibi tó ti ṣì í. Ẹni burúkú tó bá kà á, á bá wa níbí."

Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

"Kí ni kí n ṣe, Màmá?"

"Ìwọ lo ni ìwé," ó ní. "Àwa la ni ọmọ."

Mo sọ fún un pé n ó yọ ọ́. N kò ya fọ́tò kankan. Mo ru ẹ̀wà àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo dágbére, ó sì di Kábà kí fóònù mi tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo pe Ràsákì.

"Tíṣà!" Ó ń pariwo ayọ̀. "Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni! Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀, mo ti dì í pọ̀. A kò dúró de fọ́tò mọ́!"

Mo gbé báàgì mi kalẹ̀ ní gáréèjì.

"Ràsákì, ṣé o ti fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá o. Ìyàwó mi nìkan ló ń ka ọ̀kan. Ó ti dé orí keje, ó ní ó dùn bí oyin."

"Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

"Tíṣà?"

"Mo ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Ràsákì, ní báyìí báyìí!" Gbogbo gáréèjì yíjú wò mí. Obìnrin kan kí mi ní okun.

Ìbàdàn

Láti inú ọkọ̀ ni mo ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé, n kò dé ilé. Mo ti ní kí Olú wá bá mi níbẹ̀. Ìwé náà wà nílẹ̀ gègèrè, ó lẹ́wà, ó ń rùn ní òórùn ìwé tuntun. Mo ṣí orí keje, mo kà á, inú mi sì bà jẹ́, nítorí n kò kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ràsákì ní ṣé kí á fi yíǹkì dúdú pa àwọn ìlà tó júwe ọ̀nà? Ṣé kí á yí orúkọ ìlú padà? Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, mo rò ó. Mo rò ó dáadáa.

Olú kò rò ó. Mo sọ ti ọjọ́ mẹ́rin inú àpáta náà fún un, ó dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

"Mo rò pé ìtàn ni," ó ní. "N kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń lò ó."

Ó mú ìwé kan, ó fa orí keje ya, fàà. Ó mú òmíràn. Mo jókòó tì í, a sì ń fà á ya títí ọwọ́ wa fi bó. Ìyàwó Ràsákì gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó búra pé n kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun. A jó gbogbo ojú ewé wọ̀nyẹn lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, mo dúró tì í títí ó fi di eérú. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a kò fà ya.

Olú ló gbé e lọ. Ọ̀gá àgbà náà padà sílé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọmọ ọdún méje, ó ru akèǹgbè ẹ̀wà, ó fi ọ̀rá wé ìwé náà sáyà. Bọ́sẹ̀ pè mí láti Kábà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ìyá òun ní kí Olú ṣáájú. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Bọ́sẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ó jókòó. Olú wo apá ìhín, ó wo apá ọ̀hún, ó fi ọwọ́ pa àpáta lára pẹ́, ó sì rí i. Bọ́sẹ̀ ní àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn nínú lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ tú sílẹ̀.

Ìwé mi ti wà lọ́jà báyìí. Ó fò láti orí kẹfà bọ́ sí orí kẹjọ, ẹ ó sì rí àpá ibi tí a ti fà á ya. Àwọn kan ti ń bínú, wọ́n ní atẹ̀wé rẹ́ àwọn jẹ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Orí keje wà, ó pé pérépéré, nínú ẹ̀dà kan tó wà láàárín àwọn ìwé ọmọdé nínú àpáta. Ẹni tó bá lè dé ibẹ̀ lọ kà á, kò ní dìgbà tí mo bá júwe ọ̀nà fún un.